Èrò Kì í Ya Wèrè: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Níbi Tí Mo Ti Ń Wo Ènìyàn ní Oríta Eléko

Ẹ̀kọ́ tòní kò gba máíkírósíkópù, kò sì gba kẹ́míkà. Àga kan, ojú méjì, àti fóònù tó ní aago ni gbogbo irinṣẹ́ tá a máa lò. Ibi tá a ti máa ṣe é ni oríta Eléko, níbi tí ọ̀nà Lẹ́kkí Free Zone ti yà kúrò lára títì ńlá tó lọ láti Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Kò jìnnà sílé wa rárá.

Ẹni tó bá mọ àgbègbè yìí á mọ bó ṣe máa ń rí láàárín aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́. Ọdún 2006 ni wọ́n dá Free Zone sílẹ̀. Ní 2023, wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ ojú omi Lẹ́kkí ní oṣù Kìíní, wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù Karùn-ún, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kì í sùn síbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí, bọ́ọ̀sì á já wọn sí oríta, wọ́n á wá máa wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Awoyaya, Ṣàngótẹ̀dó, Ajah tàbí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń ti Ajah bọ̀ náà ń sọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọlọ́kadà kún un, ẹ fi kẹ̀kẹ́ Márúwá, kórópe, agbèrò, ọlọ́mi inú ọ̀rá, àti ẹni tó ń fi POS sanwó lábẹ́ agboòrùn kún un. Ẹ óò rí i pé ibẹ̀ kún.

Ẹ̀gbẹ́ ìyá kan tó ń sun àgbàdo ni mo máa ń jókòó sí. Mo lè rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ká akoto wọn mọ́ abẹ́ apá, tí eruku ti sọ bàtà wọn di funfun. Mo lè rí ará Ṣáínà kan tó ń fi ìka ọwọ́ ná ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí oníbodè ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sì ń fi ìka tirẹ̀ dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kan, ìyá náà wò mí títí, wọ́n ní:

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo máa ń wò gan-an? Àbí ọkọ lò ń wá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà. Èrò ni mò ń kà."

"Èrò wo ló ṣeé kà? Èrò tó ti ya wèrè! Ṣó o rí bí wọ́n ṣe ń ya lu ọkọ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Nítorí ohun tí gbogbo wa máa ń sọ nìyẹn: bí ènìyàn bá ti pọ̀, làákàyè á fò lọ. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ọdún 1895, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Gustave Le Bon kọ odidi ìwé láti fi sọ pé ẹni tó bá ti wọ àárín èrò ti sọ ọgbọ́n orí ara rẹ̀ nù. Ìwé náà lókìkí gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá jókòó, tí wọ́n ń wo èrò pẹ̀lú kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, ohun mìíràn ni wọ́n rí. Ẹ jẹ́ ká wò ó pọ̀ láti orí àga mi.

ÈKÍNÍ: BÁWO NI ÈNÌYÀN ṢE Ń YÁRA RÌN?

Ẹ wá òpó iná méjì tó tò tẹ̀léra. Ẹ fẹsẹ̀ wọn àárín wọn, ìgbésẹ̀ ńlá kan ti àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ká ní ó jẹ́ mítà 20. Ẹ mú ẹnì kan lójú, ẹ tẹ aago nígbà tó bá dé òpó àkọ́kọ́, ẹ dá a dúró nígbà tó bá dé èkejì. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15 ló lò, ẹ pín 20 sí ọ̀nà 15: mítà 1.33 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Iye tí àwọn onímọ̀ máa ń rí kò jìnnà sí ìyẹn, nǹkan bíi mítà 1.3 fún ẹni tí kò sí ohun tó dí i lọ́nà. Arúgbó á rìn díẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ń sáré bá bọ́ọ̀sì ìkẹyìn á yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1976, àwọn Bornstein, tọkọtaya, wọn ìrìn àwọn ènìyàn nínú ìlú 15 káàkiri ayé, wọ́n sì rí i pé bí ìlú bá ṣe tóbi tó ni ẹsẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń yára tó. Ẹni tó bá ti ti abúlé wọ Èkó rí kò nílò ìwé láti gba ìyẹn gbọ́.

Ẹ fi nọ́ńbà 1.3 yẹn sápò. A máa padà síbẹ̀.

ÈKEJÌ: Ọ̀NÀ TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ LÀ

Láàárín ọ̀wọ́ àwọn ìsọ̀ àti gọ́tà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tí kò fẹ̀. Àwọn tó ń jáde láti Free Zone ń gba ibẹ̀ bọ̀, àwọn tó ń wọlé lọ náà ń gba ibẹ̀ lọ. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí ìlà funfun nílẹ̀. Síbẹ̀ bí ẹ bá wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ óò rí i pé èrò ti pín ara wọn: àwọn tó ń lọ tò tẹ̀léra wọn lápá kan, àwọn tó ń bọ̀ tò lápá kejì. Nígbà mìíràn ó máa ń di ìlà mẹ́ta, mẹ́rin. Bí bàrò ẹlẹ́rù kan bá gba àárín kọjá, ìlà á túká, kò sì ní pẹ́ tí á tún so pọ̀. Ẹ rántí ìjàlọ tó ń kọjá lójúde: wọn kò ní agbèrò, síbẹ̀ ìlà wọn gún.

Kí ló fà á? Ní 1995, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Dirk Helbing àti Péter Molnár, gbé èyí sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n dá àwọn èèyàn ayédèrú, wọ́n sì fún wọn ní òfin tí kò ju mélòó kan lọ: kọjú sí ibi tí ò ń lọ, má fi ara kan ẹlòmíràn, má forí gbá ògiri. Ó parí. Kò sí òfin kankan tó ní "ẹ tò sórí ìlà". Síbẹ̀ ìlà jáde.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí mo bá wà lẹ́yìn ẹni tó ń lọ síbi tí mò ń lọ, òun ló ń bá mi yẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ níwájú. Bí mo bá kúrò lẹ́yìn rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa máa yẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì. Nítorí náà, láìronú, mo padà sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà sì dé. Ṣé iṣẹ́ wèrè nìyẹn?

Mo sọ èyí fún ìyá alágbàdo. Wọ́n ní, "Kí lo rò pé mo fi jókòó síbí?" Wọ́n fi ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yí àgbàdo nàka sí òpó tó wà níwájú wa. "Tí wọ́n bá dé ibi òpó yẹn, wọ́n á fà sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó yà. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn ló ń gbóòórùn àgbàdo." Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní físíìsì, àmọ́ wọ́n ti ka èrò ṣáájú mi.

ẸKẸTA: ÀWỌN TÓ JỌ Ń RÌN

Ẹ má ṣe rò pé èrò jẹ́ àkójọ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó dáadáa: méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́, ìyá àti ọmọ, àwọn tó jọ kúrò níbi iṣẹ́ kan náà. Ní 2010, Mehdi Moussaïd àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka irú èyí nínú ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì rí i pé nínú èrò, ó lè tó ènìyàn 70 nínú 100 tó jẹ́ pé wọn kò dá rìn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú wá. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ń rìn níbi tí àyè wà, wọ́n á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí àyè bá ń dín kù, ẹni àárín á fà sẹ́yìn díẹ̀, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á yọ síwájú, wọ́n á wá dà bíi lẹ́tà V. Lójú ẹni tó mọ nípa afẹ́fẹ́, ìyẹn kò mọ́gbọ́n dání, nítorí ẹnu V náà ló kọjú síwájú, ó sì ń fẹ̀ mọ́ àwọn tó ń bọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é? Kí wọ́n lè rójú ara wọn ni, kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn. Àwọn ènìyàn fara mọ́ ọn pé kí ìrìn àwọn falẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àwọn má bàa já.

Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ. Nínú ewu, ènìyàn kì í kọ́kọ́ wá ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá a wá ló ń kọ́kọ́ wá.

ẸKẸRIN: OJÚ TÓ Ń TẸ̀LÉ OJÚ

Ẹ dúró sí oríta, kí ẹ gbójú sókè, kí ẹ tẹjú mọ́ òkè ilé kan. Ẹ máa wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Stanley Milgram àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní New York, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1969. Nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo dúró tó ń wo fèrèsé kan lókè, ènìyàn 42 nínú 100 tó ń kọjá gbójú sókè, àmọ́ 4 péré ló dúró. Nígbà tí ẹni 15 jọ ń wo òkè, 86 nínú 100 gbójú sókè, 40 sì dúró bá wọn wò ó. Kò sí nǹkan kan lókè o.

A lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti sọ ọ́: ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ìyẹn ni pé ìṣe ọmọnìkejì ẹni jẹ́ ìròyìn. Bí mo bá rí ẹni 15 tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ẹni tó bá dúró wádìí lè má rí àyè sọ ìtàn.

Ìròyìn náà kì í ṣe èké ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n kì í pé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù ní bárékè àwọn ṣójà ní Ìkẹjà. Ìbúgbàmù náà kì í ṣe àhesọ. Àwọn tó sáré, ẹ̀mí wọn ni wọ́n ń sá fún. Ọ̀pọ̀ wọn sá gba apá Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀, wọ́n sì bọ́ sínú kánààlì tí ewéko orí omi ti bò, tó jẹ́ pé nínú òkùnkùn, ilẹ̀ ló jọ. Àwọn tó kú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní 1,000. Èrò yẹn kò ya wèrè. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sá fún; wọn kò mọ ohun tó wà níwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì ní ọ̀nà láti gbọ́ igbe àwọn tó ti já sómi.

ẸKARÙN-ÚN: NÍGBÀ TÍ ÀYÈ BÁ TÁN

Ẹ jẹ́ ká padà sí nọ́ńbà tá a fi sápò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa àpótí kan sílẹ̀, mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Ẹ jẹ́ ká máa pe irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní "ilé", bí ilé inú ọpọ́n ayò. Ìbéèrè wa ni pé: ọmọ ayò mélòó ló wà nínú ilé kan?

Bó bá jẹ́ ẹnì kan, ìrìn ṣì rọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ní láti máa ṣọ́ ara wa. Bó bá di méjì, ìrìn ti falẹ̀. Bó bá di mẹ́rin, ara ti ń kan ara, a wá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Láti márùn-ún lọ sókè, a ò lè sọ pé à ń rìn mọ́. Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kórópe ní oríta wa fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ilé tún ṣófo.

John Fruin, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ọ̀rọ̀ yìí, ṣàlàyé pé bó bá ti tó bí ènìyàn méje nínú ilé kan, èrò kì í ṣe àkójọ ènìyàn mọ́, ó ti di omi. Bí ẹnì kan bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn, ìgbì á gba inú ara gbogbo èrò kọjá. Ìgbì náà lè gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀, kó gbé e lọ tó mítà mẹ́ta láìjẹ́ pé ó fẹ́ lọ. Agbára rẹ̀ ti tẹ irin kọdọrọ rí. Nígbà tí Helbing àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ fídíò ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀ ní Mínà nígbà Hájì oṣù Kìíní 2006 wò, ohun tí wọ́n rí nìyẹn: ìrìn tó ń lọ geere di ìrìn-dúró-ìrìn-dúró, lẹ́yìn náà ó di rúkèrúdò bí omi odò tó ń hó. Ní 2025, Denis Bartolo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Lyon jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí níbi ọdún San Fermín ní Pamplona, ilẹ̀ Sípéènì: bí èrò bá ti pọ̀ kọjá ààlà kan, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í mì yíká fúnra wọn, nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 18 fún ìyípo kan. Kò sí ẹni tó ń tì wọ́n. Kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró láti inú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí irú èyí ṣe ń pa ènìyàn, nítorí a sábà máa ń sọ pé "wọ́n tẹ̀ wọ́n pa". Ọ̀pọ̀ kì í kú nípa ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ká tó lè mí, àyà gbọ́dọ̀ fẹ̀. Bí wọ́n bá fún un níwájú, tí wọ́n fún un lẹ́yìn, egungun ìhà kò ní lè gbéra, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní rí afẹ́fẹ́ fà. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti tán. Àwọn mìíràn kú lórí ìdúró, nítorí kò sí àyè láti ṣubú. Ẹni tó kúrú, pàápàá ọmọdé, ni ewu náà kọ́kọ́ bá, nítorí àyà àti orí rẹ̀ ló wà níbi tí ìbàdí àti ìgbọ̀nwọ́ àwọn yòókù wà.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú báyìí ní Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi àríyá ọdún tí wọ́n pè fún àwọn ọmọdé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ènìyàn tún kú níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Màìtámà, Àbújá. Ẹ̀yin náà rántí ohun táwọn èèyàn ń sọ nígbà náà: "Wọ̀bìà ni." "Àwọn òbí yẹn ò ronú." "Àwa dúdú, a ò mọ ìlà tò."

Ṣé dúdú ni wọ́n ní Seoul? Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2022, ènìyàn 159 kú ní Itaewon, nínú ọ̀nà tóóró kan tí ìbú rẹ̀ kò ju bíi mítà mẹ́ta lọ. Kò sẹ́ni tó ń pín ìrẹsì níbẹ̀. Ṣé ebi ló ń pa wọ́n ní Hillsborough, ní ìlú Sheffield, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1989, níbi tí àwọn olólùfẹ́ Liverpool 97 ti bá ìfúnpọ̀ lọ? Níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n kọ́kọ́ ní ọtí ló ń pa àwọn èrò, pé àwọn ló ya wèrè. Ọdún 27 ló gbà kí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó sọ ní 2016 pé àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù náà kò jẹ̀bi rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ẹni tó ń kú níwájú. Kò gbọ́ ọ. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ìlà kò lọ, ó wá sún síwájú díẹ̀. Gbogbo wọn ló sún síwájú díẹ̀. Kò sí apànìyàn kankan láàárín wọn. Àyè ló tán, ẹni tó sì yẹ kó ka àyè ṣáájú kò kà á.

ẸKẸFÀ: ÌṢIRÒ KAN TÓ KÀN WÁ

Ní ìparí ọdún tó kọjá, àwọn àgbààgbà àdúgbò wa fẹ́ pín ìrẹsì. Ilé ìwé kan ni wọ́n fẹ́ lò, ó ní géètì kan, ilẹ̀ tó wà níwájú géètì sì tó mítà 10 sí mítà 10. Wọ́n ń retí nǹkan bí ènìyàn 1,000. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn dé.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò." Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ wò ó, wọ́n ti fẹ́ fi ìwé se ìrẹsì fún wa." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in, mo wá mú bírò.

Géètì tí ìbú rẹ̀ tó mítà kan lè gba nǹkan bí ènìyàn 80 kọjá nínú ìṣẹ́jú kan, bí wọ́n bá ń rìn geere. Ṣùgbọ́n géètì kọ́ ni ìṣòro. Tábìlì ni. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10 wo orúkọ ẹnì kan, tí wọ́n gbé ìrẹsì fún un, ènìyàn 6 péré ni tábìlì kan lè dá lóhùn nínú ìṣẹ́jú kan. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 180. Àwọn 820 yòókù ńkọ́? Ilé 100 ló wà níwájú géètì. Bí gbogbo wọn bá sún mọ́ ọn, ó lé ní ènìyàn 8 nínú ilé kan.

Mo fa àpótí mítà kan sí ilẹ̀ pálọ̀, mo ní kí ẹni mẹ́jọ bọ́ sínú rẹ̀. Wọn ò lè wọ̀ ọ́ tán. Bàbá tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan wà láàárín, wọ́n ní, "Ẹ yẹ̀ fún mi, mi ò lè mí dáadáa." Ẹ̀rín parí.

Ohun tá a wá ṣe kò gba owó. Tábìlì di méjì, ìyẹn ènìyàn 12 nínú ìṣẹ́jú kan. A pín tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, a kọ àkókò sí i: ẹni 250 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tábìlì méjì lè dá ẹni 360 lóhùn, nítorí náà, kò yẹ kí ìlà kan kún mọ́ èkejì. Bí ẹni 250 bá tilẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ènìyàn méjì ààbọ̀ ló máa wà nínú ilé kan. Ẹnu ọ̀nà tá a fi wọlé kọ́ la fi jáde. A ṣí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n sì kọ́kọ́ dá àwọn tó gbé ọmọ lọ́wọ́ lóhùn. Ní Mínà pàápàá, ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 2006 kò yàtọ̀: wọ́n tún afárá Jamarat kọ́ ní alájà púpọ̀, wọ́n ya ọ̀nà àwọn tó ń lọ sọ́tọ̀ sí ti àwọn tó ń bọ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa o. Àwọn kan wá láìní tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n bínú. Ẹgbẹ́ kejì pẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹnì kan bú mi pé ìyà àkọ̀wé ló ń jẹ mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá ló tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ.

ÈKEJE: BÍ Ẹ BÁ BÁ ARA YÍN NÍNÚ Ẹ̀

Ẹ má dúró dìgbà tó bá di méje nínú ilé kan. Bí èrò bá ti ń fi ara kàn yín níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, tí ẹ kò lè gbé ọwọ́ kan ojú yín láìfa ti ẹlòmíràn, ẹ jáde nígbà náà. Ohunkóhun tí wọ́n bá ń pín, ẹ jẹ́ kó lọ.

Bí kò bá sí ọ̀nà àbájáde, ẹ ká apá méjèèjì síwájú àyà bí ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, kí àyà lè rí àyè fẹ̀. Ẹ má pariwo, ẹ fi èémí pamọ́. Bí fóònù tàbí bàtà bá já bọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹ má bá ìgbì jà. Bó bá ti gbé yín dé ibì kan tó sì rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ díẹ̀ díẹ̀ lọ sí etí èrò. Ẹ yẹra fún ògiri àti irin. Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sókè kó lè mí. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn tí ìlà kò lọ, ẹ má sún síwájú. Ẹ fà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, kí ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan yẹn lè jẹ́ èémí ẹnì kan tí ẹ kò lè rí.

Lánàá, mo tún lọ jókòó. Kórópe kan dé, èrò sún mọ́ ọn, ìyá alágbàdo sì gbé ojú sókè. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ní wọ́n tún ti ya wèrè. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mélòó ló wà nínú ilé yẹn?"

Mo kà á. "Márùn-ún, mà."

Wọ́n dìde, wọ́n pariwo sí kọ̀ndọ́ kó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà. Wọ́n wá jókòó, wọ́n yí àgbàdo mi.